Bí ẹ ṣe lè kọ́ tíọ́rì ìdàgbàsókè ìwà ọmọdé kí ó sì yé yín: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ

Ó rọrùn láti dá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò psychologie, ẹ̀kọ́ nípa èrò àti ìwà ènìyàn, mọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin. Ìwé àdàkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí ó ṣe ń kọ́ àwọn ìpele ìdàgbàsókè ìwà sórí: ìpele kìíní, ìgbọràn nítorí ìyà, ìpele kejì, ṣe fún mi kí n ṣe fún ọ, ìpele kẹta, ọmọ dáadáa. Lọ́jọ́ ìdánwò, yóò da gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gbàgbé rẹ̀. Bí wọ́n bá wá rán an lọ ṣe olùkọ́ ní Kétu tàbí ní abúlé kan nítòsí Ṣábẹ, tí ọmọ kan jí bíìkì ọmọ kejì, pàṣán ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá. Ohun tó kọ́ kò ní sọ sí i lọ́kàn rárá.

Èyí ń dùn mí gan-an, nítorí pé ẹ̀kọ́ lórí bí ọmọ ṣe ń mọ rere yàtọ̀ sí búburú, àti bí ó ṣe ń kọ́ láti bá ènìyàn gbé, wà lára ohun tó wúlò jù lọ tí olùkọ́ tàbí òbí lè kọ́. Ó tún dùn ún kà, bí a bá gba ojú ọ̀nà tó dára wọlé. Ojú ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyí: tíọ́rì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ẹnì kan lọ bi àwọn ọmọ kan ní ìlú kan. Bí ẹ bá mọ ìbéèrè náà, tí ẹ mọ àwọn ọmọ náà, tí ẹ sì mọ ìlú náà, àwọn ìpele yóò dúró sórí yín fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé ìbéèrè kan náà tọ àwọn ọmọ inú àgbàlá yín lọ, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya kàyé kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí

Ojú ewé méjì ni kí ẹ fún onímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè mẹ́rin ni ẹ óò dáhùn síbẹ̀: Kí ló fẹ́ mọ̀? Àwọn wo ló bi, tàbí tí ó wò? Kí ló gbọ́ tàbí tí ó rí gan-an? Ta ló dìde takò ó, kí sì nìdí? Orúkọ àwọn ìpele kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì ni ẹ óò kọ wọ́n sí, nígbà tí àwọn ìdáhùn mẹ́rin bá ti pé.

Lẹ́yìn orúkọ onímọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: èrò, ìmọ̀lára, ìṣe. Ọmọ lè mọ ohun tó dára kó má ṣe é. Ó lè ṣe é láì mọ ìdí rẹ̀. Àánú sì lè ṣe é, kó má mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Nínú àwọn tí ẹ óò bá pàdé nísàlẹ̀, Piaget àti Kohlberg ń wá èrò. Bowlby àti Ainsworth ń wá ìmọ̀lára. Bandura bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣe. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo máa ń gbọ́ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ kò nídìí kankan ju pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ èrò, ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀ ìṣe.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Piaget, kí ẹ sì bá ọmọdé ṣeré

Wọ́n bí Jean Piaget, onímọ̀ psychologie ọmọdé, ní Neuchâtel, ní ilẹ̀ Switzerland, ní 1896. Ó kú ní Geneva ní 1980. Àǹfààní ńlá ni a ní lórí rẹ̀ ní Benin, nítorí pé èdè Faransé ló fi kọ ìwé rẹ̀ ti 1932 lórí bí ọmọdé ṣe ń dájọ́ ìwà. A lè kà á bí ó ṣe kọ ọ́, a ò gba ẹnu ògbufọ̀ kankan. Fondation Jean Piaget ní Geneva ti gbé ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè wá a wò ní ilé ìkàwé ìjọba tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí kí ẹ tó náwó sórí àdàkọ. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ka orí àkọ́kọ́, èyí tó sọ̀rọ̀ eré bíì.

Ohun tí Piaget ṣe rọrùn, ó sì jinlẹ̀. Ó gbé bíì síwájú ọmọ, ó ní òun kò mọ eré náà dáadáa, kí ọmọ kọ́ òun. Nígbà tí ọmọ bá ti kọ́ ọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: Ṣé o lè dá òfin tuntun sílẹ̀? Bí o bá dá a sílẹ̀, ṣé eré tòótọ́ ni? Ta ló kọ́kọ́ ṣe òfin yìí? Àwọn ọmọ kéékèèké sọ fún un pé òfin ti wà láti ayébáyé, pé bàbá àwọn tàbí Ọlọ́run ló ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ kan náà yìí kì í tẹ̀ lé òfin náà dáadáa bí wọ́n bá ń ṣeré. Àwọn tó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún 11 tàbí 12 sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: bí gbogbo wa bá fẹnu kò, a lè yí i padà. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ìdánwò máa ń béèrè ti wá, hétéronomie àti autonomie: ìwà tó rọ̀ mọ́ òfin tó ti òkè wá, àti ìwà tó rọ̀ mọ́ òfin tí àwọn ẹgbẹ́ jọ fọwọ́ sí. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ti Piaget, bí ọmọ bá ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn ni ó ti ń gbọ́n nípa òfin, ju bí àgbà ṣe ń pàṣẹ fún un lọ.

Ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ wá ọmọ tó ń ta ayò tàbí tó ń ta bíì, kí ẹ ní kí ó kọ́ yín. Ẹ bi í pé, "Bí gbogbo ọmọ àdúgbò bá fẹnu kò pé ọmọ ayò márùn-ún la ó máa fi sínú ihò dípò mẹ́rin, ṣé ayò ṣì ni?" Ẹ bi ọmọ ọdún 6, ẹ bi ọmọ ọdún 11. Ẹ fi ohun tí wọ́n sọ nípa òfin sí apá kan kàyé, kí ẹ fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e sí apá kejì. Piaget fúnra rẹ̀ kò da méjèèjì pọ̀.

Ìtàn ife rẹ̀ ni ẹ̀yin náà óò bá nínú ìwé àdàkọ. Wọ́n pe ọmọ kan wá jẹun. Ó ṣí ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé àwo tó gbé ife 15 wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ife fọ́. Ọmọ kejì ń fẹ́ jí jáàmù nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé, apá rẹ̀ gbá ife kan, ó fọ́. Èwo nínú wọn ló burú jù? Ọmọ kékeré sábà máa ń ka ife. Ọmọ tó dàgbà díẹ̀ á wo ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fọ́ ọ. Ẹ fi abọ́ àti ẹran inú ìkòkò rọ́pò ife àti jáàmù, ìtàn náà kò ní bàjẹ́.

Ìtàn kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì. Àwọn ọmọ méjì jí èso. Wọ́n mú ọ̀kan, èkejì sá lọ, ó gun afárá tó ti jẹrà, afárá dá, ó já sómi. Ká ní kò jalè, ṣé afárá ì bá dá? Ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré tí wọ́n bi ní Switzerland sọ pé kò ní dá. Piaget ka èyí sí èrò ọmọdé tí ọgbọ́n yóò lé lọ. Ẹ bi ọmọ ọdún 7 nílé yín, kí ẹ wá bi ìyá àgbà tó wà nínú ilé kan náà. Bí ìyá àgbà bá dáhùn bíi ti ọmọ, kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ kò dàgbà. Ó gbà pé ayé ní olùdájọ́ tí ojú kò rí, ó sì ti fi kọ́ ọmọ náà. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè tí ẹ ní fún Piaget. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tó ń ronú.

Ìgbésẹ̀ 3: Kohlberg, ẹ wá ìdí, ẹ fi ìdáhùn sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí Lawrence Kohlberg, onímọ̀ psychologie, yé òun, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe kó tó wọ yunifásítì. Wọ́n bí i ní Amẹ́ríkà ní 1927. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn Júù tí ogun lé kúrò nílé lọ sí Palestine, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin dí ọ̀nà. Ìbéèrè tí ó gbé wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìyí: nígbà wo ni ó tọ́ kí ènìyàn rú òfin?

Ní 1958, fún ìwé oyè rẹ̀ ní Chicago, ó gbé àwọn ìtàn kan síwájú ọmọkùnrin 72, ọmọ ọdún 10, 13 àti 16. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Heinz. Àìsàn jẹjẹrẹ fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀. Apoògùn kan nínú ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe oògùn tó lè wò ó sàn. Dọ́là 200 ló ná an, dọ́là 2,000 ló ń tà á. Heinz yá owó káàkiri, 1,000 péré ló rí. Ó bẹ apoògùn kó dín in kù tàbí kó jẹ́ kí òun san ìyókù tó bá yá; ó kọ̀. Heinz fọ́ ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ó jí oògùn. Ṣé ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni pé Kohlberg kò fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" díwọ̀n ọmọ kankan. Ìdí tí ọmọ fún un ló wò. Nítorí náà, ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ ìpele rẹ̀ ni pé kí ẹ kọ ìdí méjì fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tó gbè é, ọ̀kan tó takò ó. Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ní ìpele 1, "kó má jí i, wọ́n á tì í mọ́lé", "kó jí i, bí ìyàwó rẹ̀ bá kú, wọ́n á fìyà jẹ òun náà." Ní ìpele 2, "kó jí i, ta ni yóò máa bá a tọ́jú ilé?", "kó fi í sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n yóò jẹ ẹ́ níyà ju kó di opó ọkùnrin lọ." Ní ìpele 3, "ọkọ gidi kì í wo ìyàwó rẹ̀ kó kú", "ojú wo ni ará àdúgbò yóò fi wo àwọn ọmọ rẹ̀? Ọmọ olè ni wọ́n á máa pè wọ́n." Ní ìpele 4, "ó ti ṣèlérí níwájú ìjọba àti ẹbí pé òun yóò tọ́jú rẹ̀", "bí gbogbo ẹni tí ìyà ń jẹ bá ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ìlú ò ní tòrò." Ní ìpele 5, ẹni náà yóò béèrè ohun tí a torí rẹ̀ ṣe òfin: "a ṣe òfin kí ẹ̀mí àti dúkìá lè ní ààbò, bí dúkìá bá fẹ́ pa ẹ̀mí, òfin náà ló yẹ ká jọ tún ṣe." Ìpele 6, ti ìlànà tó kan gbogbo ẹ̀dá, ṣọ̀wọ́n débi pé nígbà tó yá, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n. Ẹ má lo àkókò púpọ̀ lórí rẹ̀.

Ìpele méjì-méjì ló wà ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ń wo ara rẹ̀, ìkejì ń wo àwọn ènìyàn àti ìlú, ìkẹta ń wo ohun tí ìlú fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn ìdí wọ̀nyẹn kò ní í ṣi ìsọ̀rí mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbàgbé Heinz díẹ̀, kí ẹ kọ ìtàn tiyín. Èyí tí mo máa ń lò jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ní Kétu. Ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Kútọnu, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó inú àpótí. Ní ọ̀sán, gìrì mú ọmọ kékeré kan ní ilé kejì, ìyá rẹ̀ kò ní owó zémíjàn tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn. Ṣé kí ọmọ iṣẹ́ mú nínú owó náà? Bí ó bá ti dáhùn, ẹ yí ìtàn padà díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ńkọ́? Bí ó bá dájú pé ọ̀gá kò ní mọ̀ láéláé ńkọ́? Bí ìyá ọmọ náà kò bá lè dá owó padà ńkọ́? Ibi tí ọmọ bá ti yí ìdáhùn padà ló ń fi ohun tó gbé ìdájọ́ rẹ̀ ró hàn yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fetí sí àwọn tó takò wọ́n

Ọ̀pọ̀ ń fo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibí ni ẹ̀kọ́ náà ti dùn jù, ibí náà ni àwa tí a wà ní Benin ti ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù láti sọ.

Carol Gilligan bá Kohlberg ṣiṣẹ́ ní Harvard. Ó kíyè sí i pé ọmọkùnrin nìkan ni ìwádìí 1958 bi, ó sì béèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí a bá fetí sí obìnrin. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1982, ó gbé ọmọ ọdún 11 méjì kalẹ̀, Jake àti Amy. Jake gbé ẹ̀mí sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú owó, ó ní kí Heinz jí i. Amy ní kó má jalè, kó má sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kú. Kí àwọn méjèèjì jọ jókòó, kí wọ́n wá owó, kí wọ́n bá apoògùn sọ̀rọ̀ títí yóò fi yé e. Lójú òṣùwọ̀n Kohlberg, Amy rẹlẹ̀ sí Jake. Gilligan ní rárá o, Amy ń wo àjọṣe àti ìtọ́jú, ọ̀nà mìíràn ni láti rí ohun tó tọ́. Nígbà tí ẹ bá bi àwọn ọmọ àgbàlá yín, ẹ ṣọ́ etí yín dáadáa. Ẹ ó gbọ́ "kí wọ́n lọ bẹ bàbá tó ní oògùn", ẹ ó gbọ́ "kí ẹbí dáwó jọ", láti ẹnu ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ náà pé kò sí nínú ìtàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

John Snarey ko ìwádìí 45 jọ láti orílẹ̀-èdè 27 ní 1985, gbogbo wọn lo òṣùwọ̀n Kohlberg. Ó rí i pé àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn bí Kohlberg ṣe sọ ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìpele 5 ṣọ̀wọ́n níbi gbogbo, wọn kò sì rí i rárá ní àwọn abúlé tó ń gbé ìgbé ayé àtijọ́. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ka èyí. Ó lè sọ pé ará abúlé kò tíì dàgbà tó. Ó sì lè sọ pé òṣùwọ̀n náà kò mọ bí ará abúlé ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìlànà. Èmi wà lẹ́yìn ìkejì, torí mo ti jókòó níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà ilẹ̀, mo sì mọ bí èrò wọn ṣe máa ń jìn tó. Òwe ni wọ́n fi ń gbé e jáde, kì í ṣe gbólóhùn ìwé òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tí ẹ̀yin gbà, kí ẹ sì ní ìdí.

Elliot Turiel tún la ọ̀nà mìíràn. Ó ní ọmọdé kò da gbogbo òfin pọ̀: láti kékeré ló ti mọ̀ pé ohun tó ń pa ènìyàn lára yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ àṣà lásán. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn púpọ̀: bí olùkọ́ bá fàyè gbà á, ṣé ó ti dára? Bí kò bá sí òfin tó kà á léèwọ̀, ṣé ó ti dára? Ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé á ní wíwọ aṣọ ilé wá sí kíláàsì ti dára bí olùkọ́ bá gbà, ṣùgbọ́n títi ọmọ ẹlòmíràn ṣubú kò dára láé. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ohun méjì tó wà nílé: títi ọmọ kékeré ṣubú, àti fífi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. "Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣé o lè máa fi ọwọ́ òsì fún bàbá àgbà ní omi?" Kò dá mi lójú pé ọmọ Kétu yóò ka èyí sí àṣà lásán. Ó ṣeé ṣe kó ní èébú ni, pé ó ń dun àgbà.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ tí Richard Shweder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1987. Wọ́n bi àwọn ará Bhubaneswar ní Índíà àti àwọn ará Chicago ní ìbéèrè kan náà. Opó tó ń jẹ ẹja jẹ́ ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni lójú ará Chicago. Ní Bhubaneswar, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì kan ẹ̀mí ọkọ tó ti kú. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe opó ní Ṣábẹ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ibi tí àṣà parí sí àti ibi tí ìwà ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ojú kan náà ní gbogbo ìlú.

Ìgbésẹ̀ 5: Apá ìbágbépọ̀

Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìyá rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. John Bowlby, dókítà Gẹ̀ẹ́sì, ló ní ọmọ nílò ẹnì kan tí yóò máa sá bá nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Mary Ainsworth ló lọ wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ adúláwọ̀ ni: láti 1954, ní àwọn abúlé tó yí Kampala ká ní Uganda, ó ń lọ sí ilé ìyá 26, ó ń wo bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìdánwò rẹ̀ tó lókìkí ní Baltimore: ìyá jáde, àlejò wọlé, ìyá padà. Bí ọmọ ṣe gba ìyá rẹ̀ nígbà tó padà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ẹkún nìkan. Ẹ bi ara yín bí ìdánwò náà yóò ṣe rí fún ọmọ tí ìyá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó ilé ń gbà lọ́wọ́ ara wọn láti àárọ̀.

Erik Erikson ní tirẹ̀ pín ìgbésí ayé ènìyàn sí ìpele 8, láti ọmọ ọwọ́ dé arúgbó. Fún olùkọ́, méjì ló ṣe pàtàkì jù: ọmọ nǹkan bí ọdún 6 sí 12 tó ń fẹ́ mọ̀ pé òun lè ṣe nǹkan yanjú, àti ọ̀dọ́ tó ń wá ẹni tí òun jẹ́. Ẹ kọ ìyókù ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Albert Bandura ní tirẹ̀ yẹ ká fara balẹ̀ kà. Ní 1961, ní Stanford, ọmọ 72 ló wà nínú ìwádìí rẹ̀. Àwọn kan wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Àwọn kan wo àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn kan kò rí ẹnì kankan. Àwọn tó rí lílù lu bèbí náà, wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà náà sọ. Ní 1965, ó fi kún un: àwọn ọmọ tó rí i pé wọ́n fìyà jẹ ẹni tó ń lu bèbí kò fara wé e tó àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí hàn, wọ́n ṣe é bíi ti àwọn tó kù. Wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n kàn kò ṣe é ni. Olùkọ́ tó gbà pé pàṣán ti pa ìwà kan, kó ka ìwádìí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá wà ní Kétu, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní àrọ́wọ́tó yín, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ojúlówó àjogúnbá àfẹnusọ ọmọ ènìyàn. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, wọ́n máa ń fi orin bú ìwà ìbàjẹ́ lójú gbogbo ìlú, àwọn ọmọdé sì wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè Bandura: ọmọ rí ẹni tí wọ́n dójú tì, kí ló kọ́? Ìtìjú tí ẹlòmíràn jẹ, ṣé ó ń dá ọmọ dúró, àbí ó kàn ń kọ́ ọ kó má jẹ́ kí wọ́n rí òun? Ní ọjọ́ kejì, ẹ bi àwọn ọmọ náà ohun tí orin kan sọ àti ìdí tí ohun tó sọ fi burú. Àwọn ìdí náà, ẹ tún gbé wọn sórí ìpele Kohlberg. Tíọ́rì méjì ni ẹ fi ka orin kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ má sì gbàgbé Bame Nsamenang, ará Cameroon, tó kọ̀wé ní 1992 pé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, inú iṣẹ́ tí a ń rán ọmọ àti inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń di ènìyàn láwùjọ. Gbogbo wa la mọ ọmọ ọdún 6 tí wọ́n fi owó rán lọ ra àkàsà tó sì mú ṣéńjì padà. Nsamenang fún wa láyè láti ka ìyẹn sí ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ óò ṣe bá ọmọ sọ̀rọ̀

Ẹ kí àwọn àgbà ilé kí ẹ tó pe ọmọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún baálé àti fún ìyá ọmọ, kí wọ́n gbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀; bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ní òun kò fẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ ṣeré. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ọjọ́ orí, torí kíláàsì nìkan kì í sọ òótọ́.

Ìṣòro tó tóbi jù ni pé a ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti má ṣe já àgbà nírọ́. Ohun tí wọ́n bá rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ni wọ́n á sọ. Ẹ jókòó sílẹ̀, lórí ẹní, kí ojú yín àti tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó dájọ́ ẹni inú ìtàn, kì í ṣe ara rẹ̀. Ẹ má sọ pé "ṣé kò burú?", ẹ ní "kí lo rò?", kí ẹ tún ní "kí nìdí?". Ẹ má tún ìbéèrè kan náà bi í ní ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí yóò rò pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò dára, yóò sì yí i padà. Bí ó bá ṣì ń tijú, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 tàbí 13 bi í, kí ẹ̀yin máa kọ̀wé.

Èdè tí ó bá sọ ni kí ẹ kọ, ìbáà ṣe ti Kétu, ti Ṣábẹ tàbí Gùn ti Àjàṣẹ́. Ẹ má yí i sí Faransé lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá yí i, ìdí tó fún yín lè sọnù. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀, "ọmọbìnrin, ọdún 8" ti tó. Ẹ má lọ sọ ìdáhùn rẹ̀ fún òbí rẹ̀, kí wọ́n má bàa nà án nítorí pé ó ní jíjí owó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọ ohun tó fi hàn pé ẹnì kan ń ṣe é ní ibi, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwádìí mọ́: ẹ lọ bá olùkọ́ yín tàbí àgbà tí ẹ fọkàn tán lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ 7: Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́

Bí ìbéèrè ìdánwò bá ní kí ẹ "jíròrò" lórí Kohlberg, ẹ má fi ìpele bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ ẹni tó bi, kí ẹ tó to ìpele, kí ẹ wá fi Gilligan àti Snarey dáhùn. Ẹ lè fi gbólóhùn kan tí ọmọ àgbàlá yín sọ ṣe àpẹẹrẹ, bí ẹ bá kọ ọ́ kedere pé ọ̀rọ̀ ọmọ kan ni. Ọmọ mẹ́ta ní Àjàṣẹ́ kì í ṣe gbogbo Benin.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ pa ìwé àdàkọ dé. Ẹ mú ewé tí kò ní nǹkan kan lára, kí ẹ kọ orúkọ àwọn onímọ̀ náà sí i, kí ẹ sì kọ ìbéèrè ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ní Yorùbá. Ẹ kà á fún ẹnì kan nílé tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí. Orúkọ tí ẹ kò bá lè kọ ìbéèrè rẹ̀, òun ni kí ẹ padà kà kí ẹ tó sùn.